Ọ̀rọ̀ Ọjà: Ìbọn Àlòkù àti Ayùn Alágbẹ̀dẹ

   

Lẹ́tà tí ó wà níwájú mi lóṣù yìí kò jọ ti àtẹ̀yìnwá. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ ojú ewé yìí, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìlọta, jẹnerétọ̀, mọ́tò tokunbọ̀ àti ilẹ̀ ni ẹ máa ń bi mí. Ìbọn ni ìyá wa kan bi mí léèrè lọ́tẹ̀ yìí. Ó mọ̀ pé ilé tí àwọn ṣọ́jà ti ń tún ìbọn ṣe ni mo ti jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì, ó sì rò pé èmi ni ó yẹ kí ó gbé ọ̀rọ̀ náà tọ̀ wá. N kò bá a jiyàn.

Bí ọ̀rọ̀ náà ti rí nìyí. Ọmọ ìyá wa yìí ń gbé ní Houston ní ìpínlẹ̀ Texas. Ọmọ ilẹ̀ náà ni ó fẹ́, òun pẹ̀lú baba ìyàwó rẹ̀ sì mọwọ́ ara wọn púpọ̀, wọn a máa lọ ṣọdẹ àgbọ̀nrín pọ̀. Ní ọdún tí ó kọjá baba náà kú, ó sì fi ìbọn ọdẹ rẹ̀ sílẹ̀ fún ọkọ ọmọ rẹ̀. Ìbọn Winchester ni, èyí tí wọ́n ń pè ní Model 70, nọ́ńbà ara rẹ̀ sì fi hàn pé 1952 ni a ṣe é. Ọmọ wa fẹ́ tà á. Ohun tí ó fẹ́ fi owó rẹ̀ ṣe kò burú rárá: ilé tí baba tirẹ̀ ń kọ́ ní Ọ̀ffà, èyí tí ó dúró sórí ògiri nígbà tí baba náà papò dà, ni ó fẹ́ fi páànù bò. Ẹ̀yin tí ẹ bá wa lọ síbi ìsìnkú náà mọ ilé tí mo ń wí.

Ṣùgbọ́n alágbẹ̀dẹ ìbọn kan lọ́hùn-ún ti sọ fún un pé kí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ di tuntun. Yóò yọ igi ara rẹ̀ kúrò, yóò fi ike dúdú tí àwọn ọdẹ òde òní fẹ́ràn dípò rẹ̀; yóò bó ara irin rẹ̀, yóò sì pa á láró padà kí ó máa dán; yóò sì fín orúkọ baba tí ó kú náà sí ara irin fún ìrántí. Inú owó páànù ni owó iṣẹ́ yìí yóò ti yọ. Ìyá wa wá bi mí pé: “Ṣé bí a ti í kun ilé kí a tó tà á ni, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?”

Bẹ́ẹ̀ kọ́, ìyá wa. Ẹ sọ fún un kí ó má ṣe jẹ́ kí ayùn kan ìbọn náà. Bí ó bá ti san àsansílẹ̀, kí ó sáré lọ gba owó rẹ̀ padà.

Mo mọ̀ pé èyí yóò ya ọ̀pọ̀ yín lẹ́nu, nítorí pé bí ìbọn ti rí lọ́dọ̀ tiwa kọ́ ni ó rí lọ́dọ̀ wọn. Ẹ wo ṣakabùlà tí àwọn ọdẹ wa ń gbé. Bí igi rẹ̀ bá sán, alágbẹ̀dẹ yóò gbẹ́ òmíràn. Bí ibi kan bá mì, yóò fi wáyà dì í. Ọdẹ mìíràn fi awọ ẹran wé ìdí tirẹ̀, òmíràn so ìkarahun mọ́ ọn, òmíràn sì so ohun tí kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ó bá fẹ́ kúrò lọ́wọ́ ọdẹ kan bọ́ sọ́wọ́ èkejì, ohun tí wọn yóò bèèrè ni pé ṣé ó ń dún, ṣé kì í yìnbọn padà sí ojú ẹni tí ó mú un. Kò sí ẹni tí yóò béèrè pé ṣé igi tí alágbẹ̀dẹ àkọ́kọ́ fi sí i ni ó ṣì wà lára rẹ̀. Ohun èlò ni lọ́wọ́ wa bí ọkọ́ àti àdá, a sì ń pa èèkù dà bí ó bá ti gbó.

Ní Amẹ́ríkà, ọjà ìbọn àlòkù ní irú oníbàárà méjì. Àkọ́kọ́ ni ẹni tí ó fẹ́ lọ ṣọdẹ ní ọ̀la, òun kò yàtọ̀ sí ọdẹ tiwa púpọ̀. Èkejì ni ẹni tí ń kó ìbọn àtijọ́ jọ bí àwọn kan ti í kó owó ẹyọ ayé àtijọ́ tàbí òǹtẹ̀ lẹ́tà jọ. Ẹni kejì yìí ni ó ń san owó ńlá, ohun tí ó sì ń sanwó fún ni ìbọn náà gẹ́gẹ́ bí ó ti jáde kúrò ní ilé iṣẹ́ lọ́jọ́ tí a ṣe é. Ìwé kan wà tí àwọn oníṣòwò wọn ń wò láti mọ iye ìbọn, Blue Book of Gun Values ni orúkọ rẹ̀. Ohun tí ìwé náà fi ń ṣírò ni ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún àwọ̀ àkọ́kọ́ tí ó ṣì kù sí ara ìbọn. Ẹ kíyè sí i pé àwọ̀ àkọ́kọ́ ni mo wí. Ìbọn tí ìdajì àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí lọ nítorí ọwọ́ tí ó ti dì í mú fún àádọ́ta ọdún a máa pa owó ju èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pa láró tí ó ń kọ mànà.

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ní sányán àtijọ́ nínú àpótí yóò tètè mọ ohun tí mo ń wí. Bí ẹ bá gbé sányán ìyá yín àgbà fún télọ̀ kí ó gé e, kí ó fi rán fìlà mẹ́ta àti àpò ìfàlọ́wọ́, fìlà náà lè dára, ẹ lè fi ṣe ẹ̀bùn ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò san owó sányán fún fìlà. Iye tí ẹ san fún télọ̀ kò sì ní padà wá.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó mú kí ìbọn tí ó wà lọ́wọ́ ọmọ yìí níyì, nítorí n kò rò pé òun fúnra rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ní 1936 ni ilé iṣẹ́ Winchester ní ìlú New Haven bẹ̀rẹ̀ sí ṣe Model 70. Ó ní èékánná irin gígùn kan tí ó ń gbá ọta mú ṣinṣin láti ìgbà tí ó bá ti ń gòkè bọ̀ títí yóò fi wọlé, tí kì í sì í jọ̀wọ́ rẹ̀ títí yóò fi fa kóòfo rẹ̀ jáde. Ìlà wẹ́wẹ́ tí ó wà lára igi rẹ̀, níbi tí ọwọ́ ti ń dì í mú, gbígbẹ́ ni wọ́n gbẹ́ ẹ. Nígbà tí ó di 1964, owó iṣẹ́ ti ga, ilé iṣẹ́ náà sì pinnu láti máa ṣe ìbọn kan náà ní ọ̀nà tí kò ní wọ́n wọn tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n mú èékánná gígùn náà kúrò. Ìlà ara igi, wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn bí ìgbà tí a tẹ àmì mọ́ ọṣẹ. Àwọn ọdẹ bínú. Láti ìgbà náà ni ọjà ti pín Model 70 sí méjì: èyí tí a ṣe kí ó tó di 1964, àti èyí tí a ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ilé iṣẹ́ New Haven náà pàápàá ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní 2006.

Nítorí náà, igi tí alágbẹ̀dẹ fẹ́ yọ sọ nù yẹn, pẹ̀lú ìlà gbígbẹ́ ara rẹ̀, ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí oníbàárà fẹ́ sanwó fún ni. Bí ọmọ náà bá fi ike rọ́pò rẹ̀, ó ti sanwó láti dín owó ara rẹ̀ kù. Bí ó bá sì gé ìdí ìbọn kí ó lè fi rọ́bà sí i, èyí tí ọ̀pọ̀ ń ṣe kí ìbọn má bàa gbá wọn ní èjìká púpọ̀, ìyẹn burú ju ti ike lọ. Ike ṣe é yọ, kí a sì dá igi padà, bí wọn kò bá ti sọ igi náà nù. Igi tí a ti gé kò tún gùn mọ́.

Ọ̀rọ̀ ihò tún wà níbẹ̀. Àwọn ọdẹ a máa so awò tí ń mú ọ̀nà jíjìn súnmọ́ni mọ́ orí ìbọn wọn. Àwọn Model 70 tí a ṣe ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì kò ní gbogbo ihò tí awò òde òní nílò, ọ̀pọ̀ ni wọ́n sì gbé lọ fún ẹni tí ó lu ihò sí wọn lórí. Ihò kékeré méjì péré ni, kò sì dí ìbọn náà lọ́wọ́ láti pa àgbọ̀nrín, ṣùgbọ́n àwọn tí ń kó ìbọn jọ a máa wá ihò yìí kí wọ́n tó wo ohunkóhun mìíràn, bí wọ́n bá sì rí i, owó já wálẹ̀. Ti 1952 ní ihò tirẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Kí ọmọ náà wò ó dáadáa bóyá baba olóògbé tún lu òmíràn sí i ní ẹ̀gbẹ́, kí ó sì sọ òtítọ́ fún ẹni tí yóò rà á.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwọn Amẹ́ríkà ti máa ń mọyì ohun àtijọ́ báyìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ìbọn ológun pọ̀ ní ayé bí yanrìn. Mauser àwọn ará Jámánì, Springfield ti 1903 tí í ṣe ti Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, àti Lee-Enfield ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí àwọn baba wa tí ó lọ sí Bọ́mà gbé lọ́wọ́. A ń tà wọ́n ní ọ̀pọ̀. Ènìyàn a rí wọn nínú ìwé ìpolówó, yóò fi lẹ́tà ránṣẹ́ pẹ̀lú owó, ilé ìfìwéránṣẹ́ yóò sì gbé e wá fún un. Kí ẹ lè mọ bí ó ti pọ̀ tó: ìbọn tí a fi pa Ààrẹ Kennedy ní Dallas ní 1963, ìbọn ológun àwọn ará Ítálì ni, lẹ́tà ni a fi rà á, òun pẹ̀lú awò orí rẹ̀ àti owó ìfiránṣẹ́ kò sì ju dọ́là 21.45 lọ.

Àwọn ọkùnrin ìgbà náà a ra irú ìbọn bẹ́ẹ̀, wọn a gé igi rẹ̀ kúrú kí ó lè fúyẹ́, wọn a fi ayùn rẹ́ ibi tí a ń fi ọ̀bẹ ogun há, wọn a gé ẹnu rẹ̀, wọn a lu ihò fún awò. Wọn a sọ ìbọn ogun di ìbọn ọdẹ ní ẹ̀yìnkùlé. Èmi kò pè wọ́n ní aṣiwèrè. Ẹran ni wọ́n fẹ́ pa fún àwọn ọmọ wọn, ìbọn ọdẹ tuntun sì wọ́n. Ta ni ì bá mọ̀ nígbà náà pé ohun tí ó kún ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ yóò di ohun tí a ń wá kiri? Ní 1968 ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin tí ó dá rírà ìbọn láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn nípasẹ̀ lẹ́tà dúró, tí ó sì dí ọ̀nà tí ìbọn ológun àlòkù ń gbà wọlé láti òkèèrè fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èyí tí ó kù nílẹ̀ tí ọwọ́ kò kàn bẹ̀rẹ̀ sí gbówó lórí. Lónìí, Lee-Enfield tí ó wà gẹ́gẹ́ bí ṣọ́jà ti dá a padà, pẹ̀lú gbogbo ìdọ̀tí rẹ̀, a máa tà ju èyí tí ẹnì kan lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí rẹ̀ láti fi ṣe ẹ̀ṣọ́. Àwọn kan ń wá igi àtijọ́ kiri nísinsìnyí láti fi dá ìbọn gígé padà sí bí ó ti wà. Ó ṣeé ṣe bí ó bá jẹ́ pé igi nìkan ni a gé. Bí a bá ti gé irin tàbí tí a lu ihò sí orí rẹ̀, ó parí.

Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ lọ́kàn rẹ̀ pé: “Bí iṣẹ́ bá mọ́ dáadáa, ta ni yóò mọ̀?” Ọ̀gá, wọn yóò mọ̀. Mo ti jókòó ti irú iṣẹ́ yìí pẹ́ tó láti lè sọ bí wọ́n ti ń mọ̀ ọ́n. Kí a tó pa irin láró lẹ́ẹ̀kejì, dandan ni kí a kọ́kọ́ bó o kí ó dán. Nígbà tí a bá ń bó o, etí tí ó mú yóò di róbótó. Àwọn lẹ́tà tí ilé iṣẹ́ lù mọ́ ara irin yóò di wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí àmì orí kọ́bọ̀ àtijọ́. Etí ihò súkúrù yóò sì jìn wọnú díẹ̀, tí ènìyàn bá fi ọmọ ìka kọjá lórí rẹ̀ yóò mọ̀ ọ́n bí kòtò kékeré. Bákan náà ni igi. Láti ilé iṣẹ́, igi a máa ga ju irin lọ ní ìwọ̀n irun níbi tí wọ́n ti pàdé. Bí o bá fi bébà oníyanrìn ra igi náà kí o lè kùn ún lọ́dà, yóò rẹlẹ̀ ju irin lọ, ọ̀rọ̀ sì ti tán. Orí súkúrù pàápàá ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá fi ohun ìlọ́ súkúrù tí kò bá a mu tú u yóò fi àpá sílẹ̀ lójú rẹ̀, oníbàárà tí ó gbọ́n yóò sì mọ̀ pé ẹnì kan tí kò mọṣẹ́ ti wọ inú ìbọn yìí.

Nọ́ńbà ń kọ́? Ìbọn pélébé àwọn ará Jámánì tí ń jẹ́ Luger ni àpẹẹrẹ tí ó dára jù. Àwọn tí ó ṣe é a máa lu nọ́ńbà sí púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀yà rẹ̀, ńlá àti kékeré. Bí nọ́ńbà gbogbo bá bára mu, ìbọn náà jẹ́ odidi. Bí ẹnì kan bá ti pààrọ̀ ẹ̀yà kan nígbà kan rí, bí èyí tí ó fi sí i tilẹ̀ dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nọ́ńbà kò bára mu mọ́, iye rẹ̀ sì dín kù gidigidi. Ó jọ ohun ẹ̀rín lójú wa, ṣùgbọ́n ọjà ni ó wí bẹ́ẹ̀.

Kí n má bàa ṣì yín lọ́nà, iṣẹ́ ọwọ́ tí ń fi kún owó ìbọn wà. Ilé iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Griffin & Howe bẹ̀rẹ̀ ní New York ní 1923. Àwọn wọ̀nyí a máa mú Springfield ológun, wọn a sọ ọ́ di ìbọn ọdẹ tí ó dára tó bẹ́ẹ̀ tí òǹkọ̀wé nì, Ernest Hemingway, fi lo ọ̀kan nínú wọn. Iṣẹ́ kan náà ni pẹ̀lú ti àwọn ará ẹ̀yìnkùlé: wọ́n gé igi, wọ́n pa á dà. Síbẹ̀ ìbọn tí ó bá gba ọwọ́ wọn kọjá lè tà ju odidi lọ. Kí ni ó fà á? Orúkọ oníṣẹ́ náà wà lára irin, gbogbo ọjà sì mọ orúkọ náà. Ohun tí oníbàárà ń fẹ́ ni kí ó mọ ẹni tí ó fọwọ́ kàn án. Ìdí kan náà ni ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá ní Colt àtijọ́ lè kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ Colt, wọn yóò wo àkọsílẹ̀ wọn, wọn yóò sì sọ fún un lórí ìwé ọjọ́ tí ìbọn náà jáde kúrò lọ́dọ̀ wọn àti bí ó ti rí lọ́jọ́ náà. Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí kan ní ìlú Cody, ní ìpínlẹ̀ Wyoming, ń ṣe irú èyí fún àwọn Winchester ìgbà láéláé bí Model 1873. Bí fífín bá wà lára ìbọn, tí ìwé sì jẹ́rìí pé láti ilé iṣẹ́ ni ó ti wá bẹ́ẹ̀, owó gòkè. Bí ìwé kò bá sí, fífín di àpá.

Èyí kan orúkọ baba olóògbé tí ọmọ wa fẹ́ fín. Ó jẹ́ ọmọ dáadáa, inú mi dùn sí èrò rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó mú ọ̀kan. Bí ó bá fẹ́ fi ìbọn náà ṣe ìrántí, kí ó fín orúkọ náà, kí ó sì gbé e kọ́ sí ilé fún àwọn ọmọ rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò bá a wí. Bí ó bá fẹ́ tà á, orúkọ ẹni tí oníbàárà kò mọ̀ rí ni yóò máa wò lára ohun tí ó fi owó rẹ̀ rà.

Nípa àwọn ìbọn ìgbà ìsinsìnyí n kò ní pẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ a máa ra Glock tàbí AR-15, wọn a fi awò, iná, ibi ìfìkafà tuntun àti oríṣiríṣi nǹkan sí i títí owó ohun ẹ̀ṣọ́ yóò fi ju ti ìbọn lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ tà, wọn a ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọn a sì béèrè fún un lọ́wọ́ oníbàárà. Oníbàárà kò ní san án. Ohun tí ó wu ẹni àkọ́kọ́ lè má wu òun, ìbẹ̀rù tún wà pé bóyá ẹni tí kò mọṣẹ́ ni ó tú inú rẹ̀. Ibi ìfìkafà tí a mú kí ó rọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ lè mú kí ìbọn dún nígbà tí ẹni tí ó mú un kò fẹ́. Ọlọ́gbọ́n nínú wọn ni ẹni tí ó kó gbogbo ohun tí ó yọ sínú páálí kan láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tí ó bá fẹ́ tà, yóò dá ìbọn padà sí bí ó ti wà, yóò sì ta àwọn ohun ẹ̀ṣọ́ lọ́tọ̀. Páálí tí ìbọn bá wá àti ìwé inú rẹ̀ pàápàá ní owó tiwọn.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fetí sílẹ̀ jù ni ọ̀rọ̀ òfin, nítorí pé àtúnṣe kan wà tí kì í dín owó ìbọn kù nìkan, ẹ̀wọ̀n ni ó lè bá a dé. Láti 1934 ni òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ń mú àwọn ìbọn tí a gé kúrú lọ́nà mìíràn. Ìbọn ọdẹ olọ́ta kan tí ọ̀pá rẹ̀ kò tó íǹṣì 16, àti ìbọn ọlọ́pọ̀ ọta wẹ́wẹ́ tí tirẹ̀ kò tó íǹṣì 18, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣe é tàbí kí ó ní i láìfi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba kí ó tó ṣe é. Ẹni tí ó bá fi ayùn gé ìbọn baba rẹ̀ ní gáréèjì láìgbàṣẹ ti dá ẹ̀ṣẹ̀, kò sì lè tà á fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá ń bó irin, tí ó sì pa nọ́ńbà ara rẹ̀ rẹ́, wọ inú wàhálà kan náà.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà lọ́hùn-ún, ẹ bá mi sọ èyí fún wọn: ẹni tí ó wọ Amẹ́ríkà pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ti àlejò, òfin kò gbà á láyè láti ní ìbọn, àfi bí ó bá bọ́ sínú àwọn tí òfin náà yọ sílẹ̀, bí ẹni tí ó ní ìwé àṣẹ ìṣọdẹ tí kò tíì kọjá àkókò. Ọmọ ìyá wa yìí ti ní ìwé ìgbélùú, ti rẹ̀ yàtọ̀. Kí ọmọ mìíràn má ṣe gba ẹ̀bùn ìbọn lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ kí ó tó wo irú ìwé tí ó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀. Bí oníbàárà bá sì wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn, ọwọ́ oníṣòwò tí ìjọba fún ní láìsẹ́ńsì ni ìbọn náà gbọ́dọ̀ gbà kọjá.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe dábàá pé kí a kúkú fi ránṣẹ́ sílé nínú kọ̀ntẹ́nà kí a wá tà á níhìn-ín. Òfin Ìbọn ti 1959 ṣì wà ní Nàìjíríà. Ó pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta, láti orí ti àwọn ológun àti ìbọn pélébé títí dé orí ṣakabùlà, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ó fi sílẹ̀ láìní láìsẹ́ńsì. Ní oṣù kìíní 2017 àwọn Kọ́sítọ́ọ̀mù mú ìbọn 661 nínú kọ̀ntẹ́nà kan ní Èkó, gbogbo wa ni a gbọ́ ọ.

Ohun tí mo wí fún ìyá wa kí ó sọ fún ọmọ rẹ̀ nìyí. Kí ó fi aṣọ rírọ̀ àti òróró ìbọn díẹ̀ nu ara rẹ̀, kí ìpẹtà má bàa mú un, kí ó sì dúró níbẹ̀. Kí ó wá inú ilé baba olóògbé bóyá yóò rí ìwé tí a fi rà á, tàbí àwòrán tí baba náà gbé ìbọn lọ́wọ́ ní ìgbà èwe rẹ̀. Kí ó gbé e lọ fi han oníṣòwò méjì tàbí mẹ́ta tí ó mọ ìbọn àtijọ́, kì í ṣe alágbẹ̀dẹ tí ń wá iṣẹ́, nítorí ẹni tí a fẹ́ san owó iṣẹ́ fún kò lè sọ fún wa pé iṣẹ́ kò sí. Kí ó má sì gba iye tí ẹni àkọ́kọ́ bá pè.

Kí ó tó ṣe gbogbo èyí, ọ̀rọ̀ kan kù tí kò sí nínú lẹ́tà náà. Ìyàwó rẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin méjì, mo bi ìyá wa, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Òótọ́ ni pé ọkọ àbúrò wọn ni baba náà fi ìbọn fún, òfin ilẹ̀ wọn sì fi sọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbọn tí baba ẹni fi ń ṣọdẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí àna gbé lọ sọ́jà kí àwọn ọmọ onílé tó gbọ́. Kí ó pè wọ́n. Kí ó sọ fún wọn pé òun fẹ́ tà á, kí ó sì sọ ohun tí òun fẹ́ fi owó náà ṣe; ilé baba kì í ṣe ohun ìtìjú. Ó lè jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn ni yóò rà á, ní iye tí ó yẹ, tí ìbọn kò sì ní kúrò nínú ẹbí. Bí wọ́n bá ní kí ó máa tà á lọ, ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀, ojú kò sì ní ti ìyàwó rẹ̀ níwájú àwọn ènìyàn rẹ̀.

Lẹ́tà méjì mìíràn wà lọ́wọ́ mi, ọ̀kan lórí ẹ̀rọ ìránṣọ Singer àtijọ́ tí wọ́n fẹ́ so mọ́tò iná mọ́, èkejì lórí ilẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí ènìyàn mẹ́ta ní ìwé rẹ̀. Singer ni n ó kọ́kọ́ dáhùn ní oṣù tí ń bọ̀. Ti ilẹ̀ náà, kí ẹni tí ó kọ ọ́ wá rí mi ní ìpàdé Ẹgbẹ́ ní ọjọ́ Àìkú, kí ó sì mú ìwé náà dání.